Kí Ìkéde Owó Ìrànwọ́ Ìjọba Tó Jáde

Ọjọ́ tí ìjọba bá kéde lórí rédíò pé òun fẹ́ pín owó fún àwọn oníṣòwò kéékèèké, fóònù mi kì í sinmi lọ́jọ́ náà. Àwọn kan á fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp, àwọn mìíràn á kó ìwé sínú ọ̀rá wá sí ṣọ́ọ̀bù, ìbéèrè kan náà ni ó sì máa ń wà lẹ́nu gbogbo wọn: "Ẹ̀gbọ́n, níbo ni a ti ń gba fọ́ọ̀mù?" Iṣẹ́ tí mo ń ṣe lẹ́bàá ọjà ní Abẹ́òkúta ni kí n máa bá àwọn oníṣòwò forúkọ òwò wọn sílẹ̀, kí n sì máa bá wọn kọ ìwé sí báńkì àti sí àwọn àjọ ìjọba, nítorí náà kò yà mí lẹ́nu pé ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń sá wá. Ohun tí mo fẹ́ kọ síhìn-ín ni ohun tí mo máa ń sọ fún wọn nígbà tí ariwo ìkéde bá ti rọlẹ̀: ẹni tí ìwé rẹ̀ ti tò kí ìkéde tó jáde ni owó ìrànwọ́ sábà máa ń dé ọwọ́ rẹ̀, púpọ̀ nínú ohun tí àwọn ènìyàn sì ń pè ní ẹ̀bùn ìjọba, ẹ̀yáwó ni.

Ibi ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn àti ẹ̀yáwó yìí ni ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Ní ọjọ́ 31 oṣù Keje ọdún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú bá gbogbo orílẹ̀-èdè Nàìjíríà sọ̀rọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, ó sì dárúkọ owó tí ìjọba àpapọ̀ fẹ́ fi ran àwọn oníṣòwò àti àwọn ilé-iṣẹ́ lọ́wọ́. Bí a bá da gbogbo rẹ̀ pọ̀, ₦200 bílíọ̀nù ni. Iye yẹn ni etí àwọn ènìyàn gbọ́, wọn kò sì dúró gbọ́ ìyókù. ₦50 bílíọ̀nù péré nínú rẹ̀ ni ẹ̀bùn, ₦50,000 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú mílíọ̀nù kan oníṣòwò tí òwò wọn kéré jù lọ. ₦75 bílíọ̀nù jẹ́ ẹ̀yáwó fún àwọn òwò kéékèèké àti alábọ́ọ́dé, tí ẹnì kan lè yá láti ₦500,000 títí dé ₦1 mílíọ̀nù nínú rẹ̀ pẹ̀lú èlé ìdá 9 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, kí ó sì san án tán láàárín ọdún mẹ́ta. ₦75 bílíọ̀nù tó ṣẹ́kù, ẹ̀yáwó náà ni, ti àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe ọjà jáde, èlé kan náà, tí ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sì lè yá tó ₦1 bílíọ̀nù. BOI, báńkì ìjọba tí ó wà fún ọ̀rọ̀ ilé-iṣẹ́, ni wọ́n gbé ètò náà lé lọ́wọ́.

Ìkéde náà sọ pé pínpín ẹ̀bùn yẹn yóò parí ní oṣù Kẹta ọdún 2024. Nígbà tí oṣù náà fi pé, àyẹ̀wò orúkọ ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ó kọ̀wé ṣì ń dúró dè. Nígbà tí owó sì wá ń wọlé fún àwọn tí ó yege, iye tí wọ́n ń ta àpò ìrẹsì kan ti kọjá ₦50,000. N kò sọ èyí láti bu ẹnu àtẹ́ lu owó náà, nítorí mo mọ ẹni tí ó fi tirẹ̀ ra kẹ́gì epo pupa tí òwò rẹ̀ sì dìde. Mo sọ ọ́ kí ẹni tí ó ń gbèrò láti fi owó ìrànwọ́ gba ṣọ́ọ̀bù tàbí ra ẹ̀rọ lè mọ ibi tí agbára irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ mọ.

Ẹ̀yáwó kì í ṣe ohun burúkú. Ẹni tí ó bá rí owó yá ní ìdá 9 lọ́dún, nígbà tí báńkì lásán ń gbà ju ìdá 20 lọ, tí àwọn gbọ́mú-lé-lántà sì ń lé àwọn obìnrin ọjà kiri lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, onítọ̀hún rí oore. Ohun tí ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́ ni pé ẹni tí ó bá gba ẹ̀yáwó pẹ̀lú èrò pé ẹ̀bùn ni kò ní múra láti san án padà. TraderMoni tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2018, tí ó ń fún àwọn ará ọjà ní ₦10,000 gẹ́gẹ́ bí ìpele àkọ́kọ́, owó yíyá ni, ẹni tí ó bá sì dá a padà ni ó ní ẹ̀tọ́ sí iye tí ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Owó ₦50 bílíọ̀nù tí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà gbé kalẹ̀ ní ọdún 2020 nígbà àrùn kòrónà, tí àwọn ilé àti àwọn oníṣòwò gbà láti ọ̀dọ̀ NIRSAL Microfinance Bank, owó yíyá ni òun náà. Mo gbọ́ ọ pẹ̀lú etí ara mi tí àwọn àgbààgbà ń sọ pé owó kòrónà ni, ta ni yóò wá béèrè rẹ̀? Ní ọdún 2020 yẹn kan náà, oṣù Kẹjọ, ni òfin Báńkì Àpapọ̀ kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí ó fún báńkì tí a jẹ ní gbèsè láyè láti yọ owó rẹ̀ nínú àkáǹtì èyíkéyìí tí onígbèsè bá ní ní báńkì mìíràn, nítorí BVN kan náà ni ó wà lára gbogbo wọn. Àwọn tí ó rò pé báńkì ti gbàgbé gbèsè náà rí owó tí ó pòórá nínú àkáǹtì tí wọ́n ń fi pamọ́ fún owó ilé-ìwé ọmọ.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ èyí tí ó jẹ́ ẹ̀yáwó, ẹ má wulẹ̀ wo àkọlé ìkéde náà. Ẹ wo inú fọ́ọ̀mù. Bí ó bá ti béèrè onídùúró, tàbí ohun ìní tí ẹ fẹ́ fi dúró, tàbí tí ó bá sọ iye oṣù tí ẹ ó fi sinmi kí sísan tó bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yáwó ni, ohun yòówù kí ẹni tí ó fi ránṣẹ́ sí yín pè é.

Nínú gbogbo ètò ẹ̀bùn tí ìjọba àpapọ̀ ti ṣe, èyí tí ó wú mi lórí jù ni YouWiN!, tí ìjọba Ààrẹ Goodluck Jonathan bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2011. Ìdíje ètò òwò ni. Nǹkan bí 24,000 ọ̀dọ́ ni ó kọ̀wé wá ní ìpín àkọ́kọ́; wọ́n yan 6,000 nínú wọn fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ mẹ́rin lórí bí a ṣe ń kọ ètò òwò, àwọn 1,200 sì ni ó gba owó níkẹyìn. Ẹnì kan lè gbà tó ₦10 mílíọ̀nù, èyí tí ó jẹ́ owó gidi nígbà yẹn, nítorí ìpíndọ́gba ohun tí wọ́n gbà tó nǹkan bí $50,000. Àwọn obìnrin nìkan ni wọ́n ya ìpín kejì sọ́tọ̀ fún. Nítorí pé kèké ni wọ́n ṣẹ́ láti mú púpọ̀ nínú àwọn olùborí láàárín àwọn tí ètò òwò wọn ti dé ìpele tó ṣáájú òpin, ó ṣeé ṣe fún David McKenzie, onímọ̀ ètò ọrọ̀-ajé ní Báńkì Àgbáyé, láti fi àwọn tí ó rí owó gbà wé àwọn tí kò rí i gbà fún ọdún mélòó kan. Láàárín àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ dá òwò sílẹ̀, ìpín àwọn tí òwò wọn ń lọ lẹ́yìn ọdún mẹ́ta fi ìdá 37 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ ní ọ̀dọ̀ àwọn tí ó gba owó ju ti àwọn tí kò gbà lọ, iṣẹ́ tí ó sì ti inú ètò náà jáde tó 7,000.

Mo máa ń mẹ́nu ba ètò yìí fún ìdí méjì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti parí. Ìdí kan ni pé ó já irọ́ àwọn tí ń sọ pé owó ìjọba kì í ṣe ẹnikẹ́ni lóore. Èkejì, tí ó kan ẹni tí ó bá fẹ́ kọ̀wé lónìí jù, ni pé wọn kò da gbogbo owó náà síwájú olùborí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọ́n pín in sí ìpele mẹ́rin, ẹni tí kò bá sì fi hàn pé òun ti ṣe ohun tí òun sọ pé òun yóò fi ìpele kan ṣe kò ní rí ìpele tó tẹ̀lé e. Ẹni tí ó bá fi ẹnu lásán kọ ètò òwò rẹ̀ yóò rí ìyà rẹ̀ níbẹ̀, nítorí ohun tí ó kọ ni wọn yóò fi dì í mú.

Ọdún 2020 náà ni Survival Fund jáde, ₦75 bílíọ̀nù, láti gbé àwọn òwò tí kòrónà dá dúró ró. Èyí ni ètò tí mo fi ojú ara mi rí ìyàtọ̀ tí ìwé ń ṣe jù lọ. Ó ní ọ̀nà púpọ̀: àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti àwọn awakọ̀ gba ₦30,000 lẹ́ẹ̀kan, àwọn òwò kéékèèké kan gba ₦50,000, wọ́n sì ní kí àwọn 250,000 òwò forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tí ń forúkọ òwò sílẹ̀, láìsan kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí owó rẹ̀ nípọn ni ti owó oṣù òṣìṣẹ́, tí ìjọba san ₦30,000 sí ₦50,000 lóṣù fún òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan fún oṣù mẹ́ta, tí òṣìṣẹ́ mẹ́wàá sì lè jàǹfààní rẹ̀ nínú ilé-iṣẹ́ kan. Inú àkáǹtì òṣìṣẹ́ gan-an ni owó náà ń lọ, kì í gba ọwọ́ ọ̀gá kọjá. Ẹni tí ó ní ilé-ìwé aládàáni kékeré, tí ó ń san owó oṣù olùkọ́ rẹ̀ láti báńkì, tí orúkọ àti nọ́ńbà àkáǹtì wọn wà nínú ìwé kan, kò ju kí ó jókòó kọ ọ́ lọ. Ẹni tí ó ń ká owó sínú àpòòwé lópin oṣù, tí kò sì mọ orúkọ àpèlé méjì nínú àwọn tí ó ń ṣiṣẹ́ fún un, ó ń sáré kiri títí tí ìkànnì fi tì. Ìwà wọn lè dára bákan náà, kí òwò wọn sì tóbi bákan náà, síbẹ̀ ọ̀kan nínú wọn ni ìjọba rí.

Ní ti àwọn ìpínlẹ̀, ètò tí ó yẹ kí ẹ mọ̀ ni NG-CARES. Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí $750 mílíọ̀nù fún un ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ sì ni ó ń ṣe é lábẹ́ orúkọ tiwọn. Tiwa ní ìpínlẹ̀ Ògùn ni OGUN-CARES. Apá kẹta rẹ̀ ni ti àwọn oníṣòwò kéékèèké, ó sì ní oríṣi mẹ́ta: owó tí ń ran ẹni tí ó bá yá owó tuntun lọ́wọ́, owó tí a fi ń bójú tó ìnáwó ojoojúmọ́ òwò, àti owó tí a fi ń ra ohun èlò kọ̀ǹpútà àti íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ nípa rẹ̀ ni ọ̀nà tí owó rẹ̀ ń gbà wọlé. Ìpínlẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ń náwó, lẹ́yìn náà ni àwọn aṣàyẹ̀wò tí kì í ṣe ara ìjọba ìpínlẹ̀ náà yóò lọ yẹ àwọn tí wọ́n ní àwọn fún lówó wò, iye tí wọ́n bá rí pé ó jóòótọ́ ni Báńkì Àgbáyé sì ń san padà fún ìpínlẹ̀. Bí àwọn aṣàyẹ̀wò bá dé ṣọ́ọ̀bù tí ó wà nínú ìwé tí wọn kò bá ẹnikẹ́ni níbẹ̀, ìpínlẹ̀ ni ó pàdánù. Ẹ ò rí i pé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń to orúkọ náà ní ìdí pàtàkì láti mú ẹni tí àdírẹ́sì rẹ̀ dúró, tí pátákó orúkọ rẹ̀ wà lára ògiri, tí yóò sì gbé fóònù nígbà tí wọ́n bá pè é.

Àwọn àgbẹ̀ ní ètò tiwọn lọ́tọ̀, bíi APPEALS tí ó bá àwọn ọlọ́sìn adìyẹ, ẹlẹ́ja àti onírẹsì ṣe ní ìpínlẹ̀ Èkó, n kò sì ní wọnú rẹ̀ níhìn-ín. Bẹ́ẹ̀ ni owó $5,000 ti Tony Elumelu Foundation, tí ètò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2015, kì í ṣe ti ìjọba, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n máa ń pè é mọ́ ọn. Ẹni tí ó bá ní ìwé tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí lè fi kọ̀wé síbẹ̀ pẹ̀lú.

Obìnrin kan wà tí ó ń ṣe àdìrẹ ní Ìtòkú, iṣẹ́ tí ó bá lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Nígbà tí ó wá sọ́dọ̀ mi, gbogbo ìwé tí wọ́n ń béèrè ni ó ní, kò sì sí èyí tí ó bá èkejì mu. Orúkọ ọkọ rẹ̀ ni ó wà lórí NIN. Orúkọ bàbá rẹ̀ ni ó wà lórí BVN, nítorí kò tíì relé ọkọ nígbà tí ó ṣe é. Orúkọ tí ó ṣìkejì ni wọ́n fi ṣáájú nínú ìwé òwò rẹ̀, oṣù tí wọ́n bí i sì yàtọ̀ láti ìwé kan sí èkejì. Ní ọjà, Ìyá Ìbejì ni tọmọdé tàgbà mọ̀ ọ́n sí, ẹni tí ó bá ti Èkó wá kò sì ní béèrè ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó débẹ̀. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tí ń yẹ fọ́ọ̀mù wò kò mọ Ìyá Ìbejì rí. NIN àti BVN ni ó ń gbé kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, bí orúkọ inú wọn kò bá sì dọ́gba, ó lè dá fọ́ọ̀mù padà láìsọ ìdí kan. Ó lọ búra ní kóòtù, ó gbé àyípadà orúkọ sínú ìwé ìròyìn, ó kó wọn lọ sí báńkì, ó tún lọ jókòó ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń ṣàtúnṣe NIN. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ fi parí, ètò tí ó tìtorí rẹ̀ ń sáré ti parí ṣáájú rẹ̀. Inú bí i, inú bí èmi náà. Ìwé yẹn kan náà ni ó fi wọlé nígbà tí òmíràn jáde.

Ohun tí ó gba àkókò wa jù lọ ni ìwé ìṣirò. Orí rẹ̀ ni gbogbo ìṣirò òwò rẹ̀ wà, kò sì sí ohun tí ó gbàgbé, àfi pé fọ́ọ̀mù kò lè wọ inú orí ẹni. A ra ìwé oníhádìkófà kan, a kọ iye tí ó ra tẹ̀ẹ́rù, kọ́sítíìkì sódà, aró àti àbẹ́là sí apá kan, a kọ owó iṣẹ́ àwọn ọmọ tí ń bá a rẹ aṣọ sí abẹ́ rẹ̀, a wá kọ ohun tí ó ń tà lójoojúmọ́ sí apá kejì. Kí oṣù tó parí ni ó fúnra rẹ̀ fi ìka tọ́ ọ pé owó igi tí òun fi ń se omi gbígbóná láti yọ àbẹ́là kúrò lára aṣọ kò sí nínú iye tí òun ń ta ọjà òun. Kò sí ìjọba kankan tí ó fún un ní kọ́bọ̀ nígbà tí ó rí ìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí àkáǹtì òwò yín dá dúró, kí owó ọjà má ṣe dàpọ̀ mọ́ owó ọbẹ̀, nítorí àkọsílẹ̀ báńkì oṣù mẹ́fà ni ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀mù ń béèrè. Ẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ SMEDAN, àjọ tí òfin ọdún 2003 dá sílẹ̀ fún ìdàgbàsókè irú òwò báyìí, kí wọ́n sì fún yín ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ wọn. Wọn kì í gba owó fún un. Ẹ sì mọ ibi tí òwò yín bọ́ sí nínú ìlànà wọn, nítorí iye òṣìṣẹ́ ni wọ́n ń wò: òwò ènìyàn kan sí méjì ni èyí tí ó kéré jù, tí wọ́n ń pè ní nano, 3 sí 9 ni micro, 10 sí 49 ni ti kékeré, 50 sí 199 sì ni alábọ́ọ́dé. Ẹni tí ó ní òṣìṣẹ́ mẹ́rin tí ó sì kọ̀wé fún ẹ̀bùn nano ti já ara rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó kà á.

Nígbà tí ẹ bá dé ibi tí fọ́ọ̀mù ti béèrè pé kí ni ẹ fẹ́ fi owó náà ṣe, ẹ má ṣe kọ ọ́ pé ẹ fẹ́ mú òwò yín gbòòrò. Bí ẹni tí ń ka fọ́ọ̀mù yóò ti rí gbólóhùn yẹn tó láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo, èmi gan-an kò lè rò ó. Ìyá Ìbejì kọ tirẹ̀ pé òun fẹ́ ra àgbá ńlá méjì tí a fi ń rẹ aṣọ, ìbọ̀wọ́ rọ́bà tí ó gùn dé ìgúnpá, àti sítóòfù gáàsì dípò igi. Ó kọ iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń lọ lọ́jà, ó so ìwé iye owó tí òǹtajà fún un mọ́ ọn, ó sì kọ iye aṣọ tí òun ń rẹ lójúmọ́ báyìí àti iye tí òun yóò lè rẹ bí wọ́n bá ra nǹkan náà fún òun. Kò kọ ọ̀rọ̀ ńlá kankan sí i. Ẹni tí kò mọ àdìrẹ rí lè kà á kí ó sì rí ohun tí owó náà ń lọ ṣe.

Ọ̀rọ̀ àwọn gbájúẹ̀ kò pọ̀ lẹ́nu mi. Ẹ̀bùn ìjọba kì í gba owó fọ́ọ̀mù, ì báà jẹ́ ₦2,000. Ìkànnì ìjọba sábà máa ń parí pẹ̀lú .gov.ng, bí ìlà àdírẹ́sì tí wọ́n fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp bá sì parí pẹ̀lú ohun mìíràn, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Nọ́ńbà tí báńkì ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù yín, ẹ má ṣe kà á fún ẹnikẹ́ni, ì báà ṣe ọmọ ìyá yín. Ẹni tí ó bá sọ pé òun yóò bá yín gba owó náà kí ẹ lè fún òun ní ìdajì rẹ̀ kò yàtọ̀ sí àwọn tí mo dárúkọ wọ̀nyí. Mo ń gba owó iṣẹ́ ìwé tí mo ń kọ, n kò fi bò, ṣùgbọ́n mo ń gbà á yálà owó jáde tàbí kò jáde.

Èyí tí ó ń dùn mí ju ti gbájúẹ̀ lọ ni bí wọ́n ṣe ń pín in. Nínú ètò ₦50,000 yẹn, 1,300 oníṣòwò ni wọ́n kà fún ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan nínú 774 tí ó wà ní Nàìjíríà. Alímọ́ṣọ́ ní Èkó, tí ìkànìyàn ọdún 2006 ti ka ènìyàn tí ó lé ní mílíọ̀nù kan níbẹ̀, gba iye kan náà pẹ̀lú ìjọba ìbílẹ̀ tí ó jẹ́ pé oko ni ó pọ̀ jù níbẹ̀. Wọ́n ya ìdá 70 sọ́tọ̀ fún àwọn obìnrin àti àwọn ọ̀dọ́, ìdá 10 fún àwọn tí ó ní ìpèníjà ara, ìdá 5 fún àwọn àgbàlagbà, ìdá 15 fún àwọn yòókù, èyí sì dára. Ṣùgbọ́n ìwádìí tí SMEDAN ṣe pẹ̀lú àjọ ìṣirò orílẹ̀-èdè ní ọdún 2021 rí i pé òwò kéékèèké àti alábọ́ọ́dé ní Nàìjíríà lé ní mílíọ̀nù 39. Bí gbogbo wọn bá kọ̀wé, ẹnì kan nínú nǹkan bí ogójì ni yóò rí i. Ẹni tí ilé rẹ̀ wà ní ìjọba ìbílẹ̀ kan, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sì wà ní òmíràn, kí ó wo èyí tí èrò kò pọ̀ sí nínú méjèèjì, bí ó bá ti ní ìwé tí ó fi lè fi ìdí àdírẹ́sì náà múlẹ̀. Kò sí ìwà àìtọ́ kankan nínú ìyẹn. Àwọn kan á máa sọ pé orúkọ àwọn ará ẹgbẹ́ òṣèlú nìkan ni ó ń jáde. Mo ti rí ibi tí ó jọ bẹ́ẹ̀. Mo sì ti rí àwọn tí kò mọ kánsílọ̀ kankan tí owó wọlé fún, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí orúkọ rẹ̀ yàtọ̀ láti ìwé kan sí èkejì.

Ìdí nìyẹn tí n kò fi gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn kí ó dáwọ́ òwò dúró de ẹ̀bùn. Ẹni tí ó nílò owó láti ra ọjà ọdún, kí ó lọ bá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù rẹ̀, kí ó sì jẹ́ kí fọ́ọ̀mù tí ó kọ máa lọ lọ́nà tirẹ̀.

Bí owó náà bá wá wọlé, ẹ ra ohun tí ẹ kọ sínú fọ́ọ̀mù pé ẹ ó rà, ì báà ti gbówó lérí, kí ẹ dín iye rẹ̀ kù, ẹ má ṣe pa á dà sí nǹkan mìíràn. Ẹ gba rìsíìtì tí orúkọ òwò yín wà lára rẹ̀, ẹ ya fọ́tò ohun tí ẹ rà nínú ṣọ́ọ̀bù níbi tí pátákó orúkọ yín ti hàn, kí ẹ sì fi gbogbo rẹ̀ pamọ́ sínú fáìlì kan náà tí ẹ̀dà fọ́ọ̀mù wà. Àwọn aṣàyẹ̀wò lè má dé títí oṣù mẹ́fà, wọ́n sì lè má bá yín nílé nígbà tí wọ́n bá dé, nítorí náà ẹ sọ fún ọmọ tí ń bá yín tajà ibi tí fáìlì náà wà.